Òru Kan ní Etí Òkun Matura, ní Erékùṣù Trinidad

Nígbà tí mo padà wọlé láti erékùṣù Trinidad, ìbéèrè kìn-ín-ní tí àwọn ọmọ ilé mi bi mí ni pé, kí ni mo rí níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. Wọ́n rò pé èmi yóò sọ̀rọ̀ nípa òkè gíga tàbí nípa ayẹyẹ Carnival tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Mo dá wọn lóhùn pé ìjàpá kan ni, èyí tí ó jẹ́ pé orí àti èjìká rẹ̀ nìkan ni mo rí, nítorí pé èmi fúnra mi ni mo lé e padà sínú òkun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́dọ̀ mi, mo sì fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín bí ó ti rí gan-an.

Trinidad wà ní ìpẹ̀kun gúúsù àwọn erékùṣù òkun Karibíánì. Ó súnmọ́ ilẹ̀ Venezuela tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, níbi tí omi ti fún jùlọ láàrin wọn, nǹkan bíi kìlómítà 11 péré ni. Fífẹ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti Ìpínlẹ̀ Èkó wa lọ. Christopher Columbus ni ó sọ ọ́ ní orúkọ yìí ní 1498, ní ìrántí Mẹ́talọ́kan Mímọ́. Òun àti erékùṣù Tobago tí í ṣe àbúrò rẹ̀ sì gba òmìnira pọ̀ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1962.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò pátápátá níbẹ̀. Láti 1841, lẹ́yìn tí oko ẹrú ti parí ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú láti Sàró àti láti St. Helena lọ sí Trinidad láti ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn wa sì pọ̀ nínú wọn. “Yaraba” ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní ìhà ìlà-oòrùn Port of Spain, tí í ṣe olú-ìlú, àdúgbò kan wà tí a mọ̀ sí Abúlé Yorùbá. Àkàrà pàápàá wà níbẹ̀, “accra” ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àlìkámà àti ẹja oníyọ̀ ni wọ́n fi ń dín in, kì í ṣe ẹ̀wà. Mo jẹ ẹ́, ó sì dùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kò ní fẹ́ kí ìyá mi gbọ́ pé mo pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àkàrà.

Àwọn baba wa a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. N kò tíì rí ibi tí òwe náà ti ṣẹ mọ́ mi lára tó erékùṣù yìí. Kò sí ibi kan tí ènìyàn lè lọ wo ohun àrà níbẹ̀ tí kò ní fẹ́ amọ̀nà. Èmi ẹni tí ó ti máa ń fi owó amọ̀nà pamọ́ nínú ìrìn-àjò mi gbogbo, tí mo gbà pé ìwé àwòrán ilẹ̀ tó mi, mo kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ ni La Brea, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, níbi tí adágún ọ̀dà wà. Fífẹ̀ rẹ̀ tó éékà 100, ọ̀dà dúdú sì ni gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Walter Raleigh, atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, fi ọ̀dà ibẹ̀ dí ihò ara ọkọ̀ rẹ̀ ní 1595, láti ìgbà pípẹ́ sì ni wọ́n ti ń wa á fún títẹ́ òpópónà káàkiri ayé. Bí a ti ń wò ó lókèèrè, ó dàbí ibùdókọ̀ tí agbaṣẹ́ṣe kan tẹ́ ní ìtẹ́kutẹ̀ẹ́ tí ó sì sá lọ. Amọ̀nà ni ó ń fi ọ̀pá gún un níwájú wa láti mọ ibi tí ó le àti ibi tí ó lè gbé ẹsẹ̀ ẹni mì. Mo rìn lórí rẹ̀, bàtà mi bàjẹ́, n kò sì ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Irà Caroni yàtọ̀. Ó wà ní ìhà gúúsù Port of Spain, kò sì jìnnà. Igi inú omi iyọ̀ ni ó kún ibẹ̀, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ alákàn, irú èyí tí àwọn tí ó ti wọ ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Ìlàjẹ mọ̀ dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́, a wọ ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan, a sì ń lọ jẹ́jẹ́ nínú odò tóóró. Èmi kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ewé àti omi. Ṣùgbọ́n amọ̀nà dá ọkọ̀ dúró, ó nàka sókè: òjòlá kan nìyẹn tí ó ká ara rẹ̀ jọ sórí ẹ̀ka, lókè orí wa gẹ́gẹ́. Ó tún nàka lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì rí ẹranko kékeré kan tí ń jẹ èèrà, ó ká kò bí ìdì òwú, irun rẹ̀ pọ́n bí wúrà, ó ń sùn. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, à bá kọjá lábẹ́ àwọn méjèèjì kí a sì padà lọ sọ pé irà náà ṣófo.

Nígbà tí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀, a jáde sí gbangba omi kan tí erékùṣù kékeré kan wà láàrin rẹ̀. Amọ̀nà so ọkọ̀ mọ́ igi, ó pa ẹ̀ńjìnnì, ó sì ní kí a dákẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ẹyẹ íbísì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé, mẹ́ta, lẹ́yìn náà méje, lẹ́yìn náà ọ̀wọ́ lẹ́yìn ọ̀wọ́. Ẹ̀yin ará, pupa wọn kì í ṣe pupa osùn, kì í sì í ṣe pupa ẹ̀jẹ̀. Ó dàbí ẹ̀yín iná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́. Alákàn àti edé kéékèèké tí wọ́n ń jẹ ni ó ń fún ìyẹ́ wọn ní àwọ̀ yìí, nítorí nígbà tí wọ́n wà ní ọmọdé, àwọ̀ eérú ni wọ́n ní. Kí ilẹ̀ tó ṣú, igi aláwọ̀ ewé nì ti di igi tí ó so èso pupa láti òkè délẹ̀. Ẹyẹ yìí wà lára àmì ìjọba orílẹ̀-èdè náà, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń pa á jẹ ní ìkọ̀kọ̀, títí ìjọba fi ṣe òfin líle lé e lórí ní 2018: ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ lè san owó ìtanràn 100,000 dọ́là ilẹ̀ wọn, kí ó sì tún fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 kún un.

Ọmọdékùnrin kan nínú ọkọ̀ wa béèrè ìdí tí a kò fi lè súnmọ́ ibẹ̀. Amọ̀nà dá a lóhùn pé, “Bí a bá súnmọ́ wọn lónìí, ibòmíràn ni wọn yóò sùn lọ́la.” Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, mo sì mi orí bí àgbàlagbà. Ẹ óò rí i láìpẹ́ pé n kò gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí ni mo lọ sí Matura, ní etí òkun ìlà-oòrùn. Àwọn ìjàpá òkun ni mo bá lọ síbẹ̀, àwọn tí ń gòkè wá yé ẹyin láàrin oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ. Oṣù Karùn-ún ni mo lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ tẹ iyanrìn ibẹ̀ ní òru láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́gbó ìjọba, amọ̀nà abúlé náà ni yóò sì mú un lọ.

Kì í ṣe Ìjàpá ọkọ Yánníbo inú àlọ́ wa ni mo ń sọ. Irú èyí tí ó ń wá sí Matura ni ó tóbi jùlọ nínú gbogbo ìjàpá ayé. Ó lè gùn tó mítà méjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wúwo ju kìlógírámù 300 lọ. Kò ní igbá líle lẹ́yìn. Awọ dúdú ni ó bò ó bí awọ ìlù, ilà méje tí ó yọ gọngọ sì là á láti ọrùn dé ìdí. Jellyfish, ẹran omi tí ara rẹ̀ rí bí ògì dídì, ni oúnjẹ rẹ̀, òun ni ó sì ń wá lọ títí dé omi tútù ilẹ̀ Kánádà. Láti ìrìn bẹ́ẹ̀ ni yóò ti padà wá sí etí òkun yìí ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta, láti wá gbẹ́ ilé fún ẹyin rẹ̀. Ó ń gòkè ní ìgbà púpọ̀ láàrin àkókò kan, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ara wọn.

Amọ̀nà wa jẹ́ obìnrin tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. “Tantie” ni gbogbo ọ̀dọ́ abúlé ń pè é, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń pe àwọn àgbà obìnrin wa ní Àǹtí, èmi náà sì pè é bẹ́ẹ̀. Bí a ti jókòó tí a ń dúró de òru, ó sọ bí nǹkan ti rí nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin. Ó ní òórùn ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé òun ti dé etí òkun. Àwọn ọkùnrin a máa wá pẹ̀lú àdá. Wọn a gé ẹran díẹ̀ lára ìjàpá, èyí tí apá wọn bá ká, wọn a sì fi ìyókù sílẹ̀ nínú oòrùn, ẹyin á máa ṣàn jáde nínú rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun wà nínú àwọn ọkùnrin náà. Kò fi ohùn ẹ̀gàn sọ ọ́. Ìṣẹ́ wà ní abúlé nígbà náà, ẹran sì ni ẹran.

Ní 1990 ni ìjọba ti etí òkun Matura ní àkókò ẹyin, ní ọdún kan náà ni àwọn ará abúlé sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Nature Seekers ni orúkọ rẹ̀, láti máa ṣọ́ ibẹ̀ ní òru kí wọ́n sì máa mú àlejò wò ó. Tantie sọ fún mi pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn aládùúgbò a máa bú wọn ní ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àlejò sì ń jẹun, ó ń sùn, ó ń wọ mọ́tò. Díẹ̀díẹ̀ ni ó yé àwọn ènìyàn pé ìjàpá tí a pa, ẹ̀ẹ̀kan náà ni a óò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá padà sí òkun yóò tún mú owó wá ní ọdún mẹ́ta sí i. Ní 2011 ni òfin fi òpin sí pípa ìjàpá òkun ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, nítorí pé títí di ìgbà náà, àwọn oṣù kan wà tí òfin yọ̀ǹda rẹ̀. Èrò mi ni pé òfin nìkan kì bá tí lè ṣe é. A ní òfin púpọ̀ ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, ìjàpá òkun a sì máa gòkè ní etí òkun Èkó. Ẹ bi àwọn apẹja léèrè ibi tí wọ́n ń bá a dé.

Ìfẹ́ rere pàápàá kò tó. Ní Grande Riviere, ní etí òkun àríwá erékùṣù kan náà, odò kan yí ojú rẹ̀ padà, ó sì ń jẹ iyanrìn tí ẹyin wà. Ní oṣù Keje 2012, a kó katakata ìjọba lọ síbẹ̀ láti yí odò náà sí ọ̀nà rẹ̀, àwọn katakata náà sì tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin àti ọmọ ìjàpá pa nínú iyanrìn, tí àwọn igún àti ajá sì ń jẹ àjẹkù.

Nígbà tí agogo mẹ́sàn-án kọjá, Tantie kó wa jọ, ó fún wa ní òfin. Kí a má ṣe sọ̀rọ̀ sókè. Kí a má ṣe tan iná kankan, nítorí iná pupa tí ó wà lọ́wọ́ òun nìkan ni kì í yọ ìjàpá lẹ́nu. Kí a pa fóònù. Gbogbo wa sọ pé a gbọ́. Èmi kò pa tèmi. Mo kàn fi í sí àpò.

A rìn lórí iyanrìn fún ìgbà pípẹ́. Òkun ibẹ̀ le, ìgbì rẹ̀ ń dún bí ìlù, kò sì sí òṣùpá. Lójijì Tantie gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa sì jókòó sí ibi tí a wà. Níwájú wa, ohun dúdú kan yọ láti inú ìfóòfó omi. Mo rò pé ìtì igi ni. Ó sún síwájú, ó sinmi, ó mí kanlẹ̀ bí àgbàlagbà tí ó gun àtẹ̀gùn, ó sì tún sún. Ọkàn mi ń lù kìkì. Ẹ kò ní gbàgbọ́ ohun tí mo ṣe ní ìṣẹ́jú náà: mo fẹ́ mọ iye agogo tí ó lù, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín. Mo fa fóònù yọ, ojú rẹ̀ sì tàn funfun báláú.

Ìjàpá náà dúró. Ó gbé orí sókè. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í yípo, ó lọ́ra, ó lọ́ra, bí ọkọ̀ ńlá tí ń yípo ní ojú ọ̀nà tóóró, títí ojú rẹ̀ fi kọ sí òkun. Ìgbì kan bò ó. A kò rí i mọ́.

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ọmọdébìnrin kan wo ojú mi nínú òkùnkùn, mo sì mọ̀ pé ó ń wò mí. Mo wí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Tantie, ẹ dárí jì mí.”

Ó ní, “Ọmọ mi, ó ti lọ. Ẹyin wà nínú rẹ̀, kò lè gbé e kiri títí. Bí kò bá gòkè ní òru yìí, yóò gòkè lọ́la. Ohun tí mo ń bẹ̀rù kò ju pé kí ó má lọ gòkè níbi tí a kò sí.”

Bí ó bá bú mi, ìbá sàn fún mi. Mo fún un ní fóònù náà, ó sì fi í sí àpò ara rẹ̀ di òwúrọ̀.

Ó ti kọjá agogo kan òru kí òmíràn tó gòkè, èyí tí mo mọ̀ láti ẹnu Tantie. Ní ìgbà yìí, a dúró lókèèrè títí ó fi gbẹ́ ihò rẹ̀ tán. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ni ó fi ń gbẹ́ ẹ, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ó ń kọ́ iyanrìn bí ìgbà tí a fi ṣíbí bu ọbẹ̀ tí a kò fẹ́ kí ó dànù, bẹ́ẹ̀ ni kò sì rí ohun tí ó ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, Tantie pè wá, nítorí ní àkókò náà kì í sábà ka ènìyàn sí mọ́. A kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú iná pupa. Ẹyin funfun, róbótó, wọ́n ń bọ́ ní méjì méjì, ní mẹ́ta mẹ́ta. Mo ka 83. Omi ń dà ní ojú rẹ̀. Obìnrin kan nínú wa náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní ìyá nìyẹn tí ń jẹ̀rora, ṣùgbọ́n Tantie ṣàlàyé pé iyọ̀ òkun tí ó ti gbé mì ni ó ń tú jáde báyìí, àti nínú òkun pẹ̀lú. Obìnrin náà kò dákẹ́ nítorí ìyẹn.

Tantie wọn ẹ̀yìn rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 156. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rí irin pẹlẹbẹ kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé ó ti gòkè rí, tí ẹnìkan sì ti ṣọ́ ọ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Nǹkan bí oṣù méjì ni ẹyin yóò lò nínú ilẹ̀. Bí iyanrìn bá gbóná, abo ni yóò pọ̀ nínú àwọn ọmọ. Bí ó bá tutù, akọ. Àwọn onímọ̀ sì ń kọminú pé bí ayé ti ń gbóná sí i yìí, akọ lè di ohun ọ̀wọ́n. Nínú àwọn tí yóò jáde, díẹ̀ kínún ni yóò dàgbà tó ìyá wọn.

Lẹ́yìn tí ó bo ihò náà, kò lọ tààrà. Ó ń fi apá gbá iyanrìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń yípo, títí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fi lè tọ́ka sí ibi tí ẹyin wà mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó fà lọ sí òkun, àwa sì tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni ń sin àlejò dé ẹnu ọ̀nà.

Àwa padà sí ilé tí a wọ̀ sí. Tantie kò bá wa lọ. Òru rẹ̀ kò tíì parí. Ní òwúrọ̀ tí ó mú fóònù mi wá, mo bi í bóyá òmíràn tún gòkè. Ó ní ọ̀kan gòkè ní agogo mẹ́rin, kò jìnnà sí ibi tí a ti jókòó, ó sì yé ẹyin. Kò sí irin kankan ní ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí náà kò sí bí a ti lè mọ̀ bóyá òun ni ẹni àkọ́kọ́ nì. Ó ti fi nọ́ńbà sí i lẹ́sẹ̀. Mo béèrè nọ́ńbà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ọkọ̀ òfurufú mi, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di ìsinsìnyí.